Dókítà Tí Bàbá Aago Fẹ́ Fọ́ Lójú

Ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹnì kan wà tí o kò lè dárí jì? Fara balẹ̀, gbọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá Aago.

Iṣẹ́ àtúnṣe aago ni bàbá náà ń ṣe. Nígbà tí ogbó dé, ìkùukùu bo ojú ọ̀tún rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀ sì yọ awò inú ẹyinjú tó ti ṣú, ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí lóde òní, tó sì ń bọ́ sí i fún wọn. Ojú Bàbá Aago náà là.

Kò pẹ́, ojú náà pọ́n, ó wú, gbogbo nǹkan di méjì-méjì, ó sì tún ṣókùnkùn.

Bàbá ní, "Ọmọ àná yẹn fọ́ mi lójú. Èmi náà á fọ́ tiẹ̀."

Ìbínú ló ń bá jí, òun ló ń bá sùn. Ó rọ ásíìdì sínú ìgò kékeré. Bó bá ti ń ro bí obìnrin náà yóò ṣe máa táràrà kiri, ẹ̀rín á máa pa á.

Aṣebàtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ọmọlẹ́yìn Jésù, fura sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ẹ̀san sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

"Ọlọ́run ti pẹ́ jù. Màá bá a yára ṣe é."

Nígbà tí bàbá gbéra lọ sọ́dọ̀ dókítà náà, aṣebàtà sìn ín lọ.

Dókítà tanná sí ojú náà, ó wò ó títí. "Bàbá, awò tí mo fi sí i ti yẹ̀ kúrò láyè ẹ̀. Kí lẹ fi tẹ̀ ẹ́?"

Ọwọ́ bàbá ti wà lórí ìgò ásíìdì nínú àpò rẹ̀. Ìgbà náà ló rántí. Wọ́n ní kó má fi ohunkóhun kan ojú náà, àmọ́ kò tíì san tó fi padà sídìí iṣẹ́, tó há awò kékeré tí wọ́n fi ń wo inú aago mọ́ ihò ojú náà, tó sì fi ẹran ojú fún un pinpin bó ti ń ṣe láti ìgbà èwe. Òun ló ṣe ara rẹ̀.

Ojú tì í. Ó gbé ìgò náà sórí tábìlì. "Ásíìdì ni, ọmọ mi. Ojú rẹ ni mo gbé e wá fún."

Dókítà sún sẹ́yìn. Ó ní kí nọ́ọ̀sì gbé ìgò náà jáde, ó wá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ká tún awò yẹn gbé sípò."

Bàbá bú sẹ́kún. Aṣebàtà kúnlẹ̀ tì í. "Báyìí gan-an ni Jésù ṣe fún wa. A kàn án mọ́ igi, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ fún wa." Níbẹ̀ ni bàbá ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, tó fi ara rẹ̀ fún Olúwa. Dókítà tún awò náà gbé sípò. Ojú náà kò mọ́ tó ti àkọ́kọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ìbínú yẹn ti lọ.

Ìwọ tí ò ń kà á ńkọ́? Ò ń lérí pé lágbájá yóò kàbùkù. Kí ni lágbájá ṣe ọ́ tó tó èyí tí o ti ṣe sí Ọlọ́run? Ọlọ́run lágbára láti gbẹ̀san lára rẹ, ó sì ń mú sùúrù fún ọ. Sùúrù náà lópin. Kúnlẹ̀ lónìí, níbi tí o wà yẹn, kí o sì wí pé, "Jésù, èmi ni mo jẹ̀bi."