Ìbéèrè Tí Sọjí Kò Bi Ìyá Ikhlas

"Ta ni iná máa jó? Èmi Gàrúbà? Ẹnu rẹ ò dáa, ọmọkùnrin yìí! Jáde!"

Bàbá Gàrúbà, onípákó Àpòmù, na ìka sí títì. Adésọjí kó ìwé rẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kà sí bàbá náà létí látinú fọ́ọ̀mù, láìkí i: ṣé iná ti jó ṣọ́ọ̀bù yìí rí? Ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kí wọ́n tó tajà àkọ́tà!

"Ará oko," ló ń kùn lórí ọ̀kadà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó ń pe èèyàn lárá oko fún yín. Ọmọ Ìkirè ni. Kò tíì pé ọdún kan tó jáde ní girama. Ó gba ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta n'Íbàdàn, wọ́n sì fún un níwèé àṣẹ láti máa ta adójútòfò láyè ara rẹ̀, láìṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kankan. Ẹni tó bá ń san owó díẹ̀ lọ́dọọdún, bí òfò bá ṣe é, ilé-iṣẹ́ á gbé e dìde. Iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ Sọjí yá kóòtù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó so táì pupa mọ́rùn nínú oòrùn, ó wá ń fọ Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn ìyá tó pọ̀n ọ́n dàgbà. Ó ní wọn ò lajú. Hùn! Ojú tó là, ẹ ó rí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò rí oníbàárà kan. Ló bá yà sọ́dọ̀ Sàlámọ̀tù, opó tí gbogbo Ìkirè ń pè ní Ìyá Ikhlas. Ìsọ̀ onípákó kan ló ní létí títì márosẹ̀. Dòdò tó ń dín níbẹ̀ ló fi ń rán Ikhlas ní yunifásítì.

"Sọjí ọmọ mi, jókòó," ni ìyá náà wí. Ó gbọ́ ọ títí. "Bí ohun tí a ò fẹ́ bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á bá mi tún ìsọ̀ yìí kọ́?"

"Wọ́n á bá yín kọ́ ọ, mà."

"Ó dáa. Èmi ò mọ̀wé. Ìwọ bá mi kọ ọ́."

Sọjí ṣí fọ́ọ̀mù. Ṣé wọ́n ń fi igi dáná níbẹ̀? Ṣé epo gbígbóná máa ń wà níbẹ̀? Ṣé iná ti ṣọṣẹ́ níbẹ̀ rí? Agbada ń hó níwájú rẹ̀, èéfín ti sọ ògiri di dúdú. Ó rántí ìka Gàrúbà. Ó tún mọ̀ pé bí òun bá kọ "Bẹ́ẹ̀ ni", owó tí ìyá náà máa san máa lé sí i, wọ́n á sì rán ẹni tó máa wá yẹ ìsọ̀ náà wò. 'Obìnrin yìí kò kúkú mọ̀wé,' ló rò nínú ara rẹ̀. Ó fa ìlà sí "Rárá" lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá Ikhlas tẹ̀ka, ó sì sanwó. Ó tún di dòdò fún un, ọ̀gbẹ́ni sì jẹ ẹ́ tán.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, nínú ọyẹ́, atẹ́gùn gbé iná láti ìdí agbada, ó ràn mọ́ pákó. Kí wọ́n tó bomi dé, ìsọ̀ ti di eérú. Àwọn èèyàn ń sunkún. Ìyá Ikhlas kò sunkún. "Ẹ dákẹ́," ó ní. "Sọjí wà ńbẹ̀."

Òun àti Sọjí jọ lọ sílé-iṣẹ́ adójútòfò náà n'Íbàdàn. Akọ̀wé ibẹ̀ tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí tábìlì.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ní ẹ kì í dáná níbẹ̀?"

"Èmi? Kí ni mo wá ń fi dín dòdò?"

"Ẹni tó kọ ọ́ kò bi yín?"

"Kò bi mí."

Akọ̀wé wo Sọjí láti orí táì dé bàtà. "Irọ́ wà nínú ìwé yìí. A ò lè san kọ́bọ̀. Ìwọ, má tún gbé fọ́ọ̀mù wá síbí mọ́ láé."

Nínú ọkọ̀, Sọjí bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. "Mà, mo rò pé inú máa bí yín ni..."

"Inú ì bá bí mi," ni Ìyá Ikhlas dáhùn. "Mo lè lé ọ pàápàá. Ṣé ìbínú ọjọ́ kan ló tó ìsọ̀ mi? Èmi ni mo ò mọ̀wé, Sọjí. Ìwọ tó o mọ̀wé, kí lo kà?"



Lónìí, Sọjí ń ru pákó lọ́dọ̀ Gàrúbà kan náà, kí owó iṣẹ́ rẹ̀ lè tún ìsọ̀ ìyá náà kọ́. Kò sí táì lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Nígbà tí Gàrúbà gbọ́ ìtàn náà, ó pòṣé.

"Ká ní o kí mi lọ́jọ́ náà, kí o ní, 'Ká má rí i, Bàbá,' kí o tó bèèrè, ǹ bá dá ọ lóhùn. Ìyá rẹ kọ́ ọ nílé. O sọ ọ́ nù torí táì."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Sọjí kò tilẹ̀ lo oṣù márùn-ún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ fún. Ẹ fọ̀wọ̀ bi í léèrè, kí ẹ sì kọ ohun tó bá sọ, torí ẹlòmíì ló máa san gbèsè irọ́ tí ẹ bá kọ.