Ẹ̀jẹ̀ Inú Ìgò Tó Ń Gbọ́rọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó yáa rín in tán báyìí. Ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí ṣẹlẹ̀, àwọn tó ṣojú wọn ṣì wà láyé.

Mogbọ́ntán ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ọ̀gá ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tí kì í yọ ṣùtì sí. Ohun tó wá kórìíra jù ni ìbànújẹ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ti pẹ́ tó ti dùbúlẹ̀ tí kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni.

"Ìbànújẹ́ kọ́," ni yóò wí. "Ọ̀lẹ ni."

Àwọn onímọ̀ kan ní sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ní ilẹ̀kùn wínníwínní tí èròjà amínò tí ara ń rí nínú oúnjẹ ń gbà wọlé. Wọ́n ní nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan tí ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì, ilẹ̀kùn náà kì í ṣí dáadáa. Mogbọ́ntán pòṣé. Ó gba ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ̀ sínú ìgò kó lè tú irọ́ wọn fó.

Ọ̀sán gangan ni. Òun àti obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ da èròjà náà sínú ẹ̀jẹ̀. Ìlà ojú ẹ̀rọ tó ń wọn bó ṣe ń wọlé ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ń gbà á wọlé.

Mogbọ́ntán bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dá ṣáká! Alákọrí! Iṣẹ́ ló ń sá fún."

Ìlà náà já wálẹ̀.

Wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò. Kò sóhun tó ṣe é. Wọ́n dákẹ́, ìlà gòkè. Mogbọ́ntán tún bú àbúrò rẹ̀, ìlà wálẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́," obìnrin náà wí wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ̀jẹ̀ inú ìgò wá létí? Ìwọ náà ti ya dìndìnrìn." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìgò náà bí ẹni fẹ́ tutọ́ sí i. "Òkú ààyè lásánlàsàn!"

Ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Fìríìjì tó ń kùn nígun yàrá dákẹ́ wẹ́lo.

Fóònù rẹ̀ dún. Àbúrò rẹ̀ ni.

"Bọ̀ọ̀dá, mo gbọ́ yín."

"O gbọ́ kí ni? Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ta ni ẹnì kejì yẹn?"

"Obìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ni."

"Ohùn obìnrin kọ́. Ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ yín sọ lẹ́yìn yín."

Mogbọ́ntán yíjú wẹ̀yìn. Ògiri lásán. Ó wá ọ̀rọ̀ rere títí, kò tètè rí.

"Àbúrò mi," ló já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbẹ̀yìn, "má bínú."

Ìlà gòkè díẹ̀. Obìnrin náà mí kanlẹ̀.

Gbogbo wọn dákẹ́. Kò sẹ́ni tó lanu. Ìlà náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá," àbúrò rẹ̀ ń sunkún lórí fóònù, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ẹnì kejì yẹn dákẹ́."