Òróró Ìsọ̀yè Nínú Etí Ọláídé

Ọ̀rẹ́ mi, bí o bá ní ọmọ tó ń lọ sí iléèwé, jọ̀wọ́ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí. Bí o kò bá sì tíì bímọ, kà á náà, torí ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín kì í ṣe ti àwọn òbí nìkan.

Ọkùnrin kan wà ní Kotobabi, ní ìlú Àkrà, Àjàlá ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó ti pẹ́ ní Gánà, ó gbọ́ Gáà, ó gbọ́ Twi, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ti ń ta mílíìkì, ṣúgà, sàdíìnì àti ọṣẹ. Inú ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ rí Àjàlá ní ṣọ́ọ̀ṣì, àfi kí ẹnì kan ṣègbéyàwó.

Àjàlá kì í mutí, kì í jalè, kì í sì í bá obìnrin olóbìnrin rìn. Ó máa ń fi èyí yangàn. "Kí ni mo ṣe tí Ọlọ́run á fi bínú sí mi?" Ìgbéraga ni tirẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Orí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un, Ọláídé, ló sì di gbogbo rẹ̀ rù.

Àjàlá fúnra rẹ̀ kò mọ̀wé. Nítorí èyí, ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé Ọláídé máa di lọ́yà. Ọmọ tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà! Bí o bá wá ra ọṣẹ lọ́wọ́ Àjàlá, wàá gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ́yà kí o tó rí ọṣẹ gbà.

Ọláídé pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ó wọ kíláàsì kìíní. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé, Gáà ni wọ́n ń sọ lójú títì, Gẹ̀ẹ́sì ni tíṣà sì fi ń kọ́ wọn. Ṣé ó yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ọmọ náà kọ́kọ́ ń wò suu? Ọmọ onílé wọn, tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, ń ka ABC bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Bí Ọláídé bá ka A, tó ka B, á rẹ́rìn-ín, á sì mú orin mìíràn bọ ẹnu.

Tíṣà rẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin ará Gáà kan, fi Gáà sọ fún Àjàlá pé, "Papa, ẹ fara balẹ̀. Ọmọ kékeré ni. Á mọ̀ ọ́n."

Àjàlá kò fara balẹ̀. Onílé ti pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ẹ̀rín bi í pé, "Alata, lọ́yà yín dà?" Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni onílé ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún Àjàlá lọ́kàn, kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ ni ó wọ tróótróò, ọkọ̀ akérò wọn, lọ sí Madina lẹ́yìn ìlú Àkrà, ó lọ bá ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Onísọ̀yè. Ìwọ náà mọ ìsọ̀yè, oògùn tí àwọn èèyàn wa ń ṣe fún ọmọ iléèwé kó má baà gbàgbé ohun tó kọ́. Àwọn kan ń lá a, àwọn kan ń fi sín gbẹ́rẹ́. Ti ọkùnrin yìí yàtọ̀. Òróró dúdú ni, inú etí ni wọ́n sì ń kán an sí láàárọ̀, kí ọmọ tó lọ sí iléèwé.

"Ohun tí tíṣà bá sọ," ni Bàbá Onísọ̀yè wí, "tó bá ti wọlé, kò ní jáde mọ́."

Nígbà tí Àgbékẹ́ ìyàwó Àjàlá rí ìgò náà, ó ká ọwọ́ lérí. "Bàbá Ọláídé, ẹ jọ̀ọ́, etí ọmọ kì í ṣe àtùpà tí à ń rọ epo sí."

"Ta ni olórí ilé yìí?" ni Àjàlá wí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn.

Ọláídé kò fẹ́ òróró náà. Á sá sí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, á máa ké pé, "Ó ń ta mí, Bàbá! Ó ń ta mí!" Bàbá rẹ̀ á fà á jáde, á dì í mú, á kán an sí i. "Bó ṣe ń ta ọ́ yẹn, ó ń ṣiṣẹ́ ni." Ìyá rẹ̀ á wọ yàrá lọ kó má baà rí i.

Télọ̀ kan wà ní òdìkejì títì, Sàlàkọ́ ni wọ́n ń pè é, ọ̀rẹ́ Àjàlá ni láti ilé. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń wá ọmọ tipẹ́, wọn kò tíì rí. Láràárọ̀ ni igbe Ọláídé ń bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó dìde, ó sọdá.

"Àjàlá, kí lò ń ṣe fún ọmọ yìí? Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ṣebí ọ̀tún là ń fi fà á mọ́ra. Ìwọ, ọwọ́ méjèèjì lo fi ń bá a wí. Ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe orí Ọláídé ló níṣòro. Ìwọ lo fẹ́ kí aráyé máa kan sáárá sí ọ. Jésù nìkan ló lè gba irú ẹrù yẹn kúrò lọ́rùn èèyàn. Jẹ́ ká jọ gbàdúrà."

Àjàlá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ Sàlàkọ́, ìgbà wo lo bímọ tí o fi ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ?"

Háà! Ọ̀rọ̀ burúkú. Sàlàkọ́ padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń rán aṣọ lọ. Ohun tó bá Ọlọ́run sọ níbẹ̀, èmi kò mọ̀.

Kò pẹ́, etí Ọláídé bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó sì ń ṣọyún. Bí wọ́n bá pè é, kì í dáhùn. Àjàlá ní àfojúdi ni. "Mò ń pè ọ́, o ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́!" Á nà án. Ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ, báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n? Nítorí náà, ìwé rẹ̀ ń burú sí i. Bí ìwé ṣe ń burú sí i ni bàbá ń fi kún òróró, bó ṣe ń fi kún òróró ni etí ń di sí i. Irú òmùgọ̀ èèyàn wo nìyí? Ṣùgbọ́n má tíì bú u, ọ̀rẹ́ mi. Bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe ń ṣe wá nìyẹn. Ohun tó ń pa wá gan-an la máa ń lọ bù sí i.

Tíṣà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù. "Papa, ọmọ yìí kì í ṣe olódo. Etí ló ń dùn ún, kò gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù." Àjàlá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun á lọ bí ọjà bá dẹwọ́. Ọjà kò dẹwọ́.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba kéde lórí rédíò pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ jáde kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àjàlá kò ní. Ta ló ní? Àwọn èèyàn wa kan ti gbé Àkrà, wọ́n ti kú sí i, wọn kò gbọ́ ọ rí pé ìwé kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kotobabi dàrú. Àwọn obìnrin wa ń ta aṣọ olówó iyebíye ní ọ̀pọ̀. Ẹni tí ẹ jọ jẹ kẹ́nkẹ́ nínú abọ́ kan lánàá ń bi ọ́ pé ìgbà wo lò ń lọ, kí òun lè gba yàrá rẹ.

Ibi tí gbogbo ayé ti ń di ẹrù ni Àjàlá ti wá rántí etí ọmọ rẹ̀. Ṣé o mọ ibi tó kọ́kọ́ sáré lọ? Madina! Ó fẹ́ kí Bàbá Onísọ̀yè wá tú ohun tó dì. Àgádágodo ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ gbéra ni bàbá náà bá lọ. Ẹni tó sọ pé ọ̀rọ̀ kò ní jáde mọ́, òun alára ti jáde.

Àjàlá àti Àgbékẹ́ wá gbé Ọláídé lọ sí ọsibítù. Dókítà tan iná sí etí náà, ó wò ó títí. "Kí lẹ rọ sí i?" Àgbékẹ́ ló sọ ọ́, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Dókítà ní awọ inú etí òsì ti jẹrà tán. Ti ọ̀tún ṣì kù díẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbé ọmọ náà wá déédéé fún ìtọ́jú títí di ọdún tuntun, ó ṣeé ṣe kí etí ọ̀tún má kú.

"Ọdún tuntun kẹ̀?" ni Àjàlá wí. "Dókítà, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ní ká jáde."

Dókítà mirí. "Papa, kì í ṣe èmi ni mo ṣòfin."

Kí ni kó ṣe? Sọ fún mi, ìwọ tí o gbọ́n, kí ni kó ṣe? Ó bẹ dókítà, kò sí ní ìkáwọ́ dókítà. Ó bẹ ọlọ́pàá, ọlọ́pàá lé e jáde. Ó bẹ onílé pé kó gbé ìyá àti ọmọ pamọ́ títí ìtọ́jú á fi parí, onílé ní ẹ̀rù ń ba òun, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé òótọ́ ló sọ. Gbogbo ẹnu tó fi ń yangàn di ẹnu ẹ̀bẹ̀, kò sì rí ẹni gbà á sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọ̀la rẹ̀ máa jẹ́ ọjọ́ ìrìnàjò, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù tó ti ṣófo. Ọláídé wà níbẹ̀, ó kẹ́yìn sí i. Ó ti to òfìfo agolo mílíìkì sílẹ̀, agolo ni ọmọ kíláàsì, òun ni tíṣà. Igi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na agolo kan. "Ṣé o ò gbọ́ ni? Àfojúdi!" Ó na òmíràn. "Mò ń pè ọ́! Olódo!" Ohùn Àjàlá ló ń fi bá agolo wí, bí bàbá rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

"Ọláídé," ni Àjàlá pè. Kò wẹ̀yìn.

"Ọláídé o! Àjọkẹ́ mi! Àjọkẹ́ ọmọ mi!" Ó pè é lórúkọ, ó pè é ní oríkì, ó sì ki oríkì ilé wọn mọ́ ọn. Ọmọ náà kò wẹ̀yìn. Ó ń na agolo lọ.

Àjàlá yí lọ sí iwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ó fẹ́ sọ fún un pé kó forí ji òun. Ṣùgbọ́n bí Ọláídé ṣe ṣàdédé rí bàbá rẹ̀, ó ju igi nù, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo etí. Ó rò pé òróró ló tún gbé dé.

Àjàlá dojú bolẹ̀, ó ké bí ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Ibẹ̀ ni Sàlàkọ́ bá a. Ó wá bá wọn di ẹrù, pẹ̀lú gbogbo ohun tí Àjàlá sọ sí i. Ó jókòó tì í lórí sìmẹ́ńtì.

"Sàlàkọ́, mo ti ba ayé ọmọ mi jẹ́."

"O ṣe ohun tó burú," ni Sàlàkọ́ wí. Kò fi oyin sí i.

"Bí mo bá fi ayé mi fún Jésù, ṣé á la etí rẹ̀?"

Sàlàkọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "N ò mọ̀. Agbára rẹ̀ ká a. Ṣùgbọ́n n ò ní tàn ọ́ jẹ, wọ́n ti tàn ọ́ jẹ tó. Jésù kì í ṣe ìsọ̀yè mìíràn tí o máa rà. Ó kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, ó sì fẹ́ ọ bí o ṣe wà nílẹ̀ yìí, tí o ò ní ohun tí o lè fi yangàn mọ́. Èyí tó dá mi lójú nìyẹn."

"N ò mọ àdúrà gbà."

"Sọ òótọ́ fún un."

Àjàlá sì sọ ọ́. "Olúwa, èmi ni. Èmi ni mo rọ ọ́ sí i. Mo fi ọmọ tí o fún mi wá iyì fún ara mi, mo sì tún nà án. N kò lè tún un ṣe. Ṣàánú mi nítorí Jésù." Àdúrà náà kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ wú, ẹrù wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, òfin ìjọba kò sì yí padà. Ṣùgbọ́n Àjàlá tó kúnlẹ̀ kọ́ ló dìde.

"Sàlàkọ́," ló wí, "ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ lọ́jọ́ yẹn nípa ọmọ..."

"Mo ti gbàgbé ẹ̀ tipẹ́. Bá mi di okùn yẹn mú."

Wọ́n lọ, Sàlàkọ́ àti ìyàwó rẹ̀ náà bá wọn lọ. Ọkọ̀ ẹrù gbé wọn gba Tógò àti Dàhòmì kọjá, Ọláídé jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ tó kù ń kọrin lójú ọ̀nà, òun ń wo ẹnu wọn.

Mo mọ ohun tí o ń retí. O fẹ́ kí n sọ pé nígbà tí wọ́n délé, etí Ọláídé là. Ì bá wu èmi náà kí n sọ ọ́. Kò là. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n òsì kú pátápátá, ọ̀tún sì ń gbọ́ díẹ̀ bí èèyàn bá sún mọ́ ọn. Bàbá rẹ̀ máa ń lóṣòó níwájú rẹ̀ kó tó bá a sọ̀rọ̀, kó lè rí ẹnu òun. Ó ti bẹ̀ ẹ́ pé kó forí ji òun, ó ti bẹ̀ ẹ́ láìmọye ìgbà, kò sì dá a lójú pé ọmọ náà gbọ́ ọ tán. Ó dá a lójú pé Ọlọ́run ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ a máa gba ohun mìíràn lọ, tí ẹkún kì í gbà á padà láyé yìí.

Ìwọ ńkọ́? Bóyá o kò rọ òróró sí etí ẹnikẹ́ni. Bóyá ọtí ni tìrẹ, tàbí owó, tàbí ìbínú tí àwọn ará ilé rẹ fi ń sá fún ọ. Bóyá o ń sọ bíi ti Àjàlá pé, kí ni mo tiẹ̀ ṣe? Ọ̀rẹ́ mi, ẹnì kan nínú ilé rẹ mọ ohun tí o ṣe.

Ọlọ́run ń pè ọ́. Kò ní igi lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló yọ̀ǹda fún ọ, kí o lè rí ìdáríjì gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Má sọ pé bí ọjà bá dẹwọ́. Ìjọba ayé fún Àjàlá ní ọ̀sẹ̀ méjì, ikú kì í fún èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí o wà yìí náà, kúnlẹ̀, sọ òótọ́ fún Jésù, kó gbà ọ́ là.

Bí o bá dìde, lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀ nínú ilé rẹ, kí o sì bẹ̀ ẹ́. Lọ lónìí, nígbà tó ṣì lè gbọ́ ọ.