Ooru Tí Abẹ́rẹ́ Gbé Wá

Lọ́fínńdà Ọláìtán ló kọ́kọ́ wọ yàrá tí wọ́n ti ń ya àwòrán inú ara ní ilé ìwòsàn kan ní Sùúrùlérè, kí òun fúnra rẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nínú búbá àti ṣòkòtò funfun tí sítáàṣì mú le. Wọ́n ní kó wọ aṣọ ilé ìwòsàn. Ó ní kò bá àwọ̀ òun mu. Jọmílójú, ọmọbìnrin tó ń darí ẹ̀rọ, gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. Èjí yọ. Ọláìtán gbàgbé ohun tó bá wá.

Ohun tó bá wá kò kéré. Ẹ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ti bàjẹ́, òun nìkan lọmọ, ó sì fẹ́ fún un ní apá kan ẹ̀dọ̀ tirẹ̀. Àwòrán ni yóò fi hàn bí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀ náà ṣe ya, kí àwọn oníṣẹ́ abẹ lè mọ̀ bóyá ó ṣeé pín láìpa ẹnikẹ́ni.

"Bí oògùn yìí bá wọ iṣan yín, ooru á mú yín dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tó tọ̀ sára. Ẹ̀tàn ni. Ẹ má mira," Jọmílójú kìlọ̀, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

Ta ní ń gbọ́? Irungbọ̀n ni Ọláìtán ń tò.

Oògùn wọlé. Yéè! Ó ti tọ̀ sí ṣòkòtò funfun, níwájú eléjí! Ó fò dìde.

"Àǹtí, ẹ má wò mí!"

"Ọ̀gá, ẹ fọwọ́ kàn án."

Ó gbẹ táútáú. Àwòrán nìkan ló bàjẹ́.

"Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," Jọmílójú ní. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Lọ́sẹ̀ náà, ojú ìyá ń pọ́n sí i nílé wọn ní Èbúté Mẹ́ta. Ọláìtán kò wo dígí.

Nígbà tó padà, aṣọ ilé ìwòsàn ló wọ̀, ó dùbúlẹ̀ bí igi. Lẹ́yìn náà oníṣẹ́ abẹ pè é: iṣan ńlá kan gba ọ̀nà tí kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti rí i yẹn, wọ́n mọ ibi tí ọ̀bẹ máa gbà. Ó ṣeé pín. Ọláìtán jókòó sílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Jọmílójú fún un ní áńkáṣíìfù.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n mọ ilé yín."

"Ẹ fi ẹ̀dọ̀ lórí òróńro ná. Ẹni tó ṣì wà lábẹ́ ẹ̀rọ mi, mi ò kì í bá a sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Kí Màmá kọ́kọ́ délé."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún àwọn méjèèjì, Màmá sì délé láàyè. Kò pẹ́ tí Ọláìtán fi mọ ilé Jọmílójú ní Yábàá bí ẹní mowó. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ọmọbìnrin náà wá kí ìyá.

"Ìwọ lo rí inú ọmọ mi? Kí lo bá níbẹ̀?"

"Ẹ̀dọ̀ tó dáa ni, mà. Fáàrí ò hàn nínú àwòrán."

"Ìyẹn ò wọnú. Ara aṣọ ló mọ."

Ọláìtán ti kúnlẹ̀, òrùka lọ́wọ́, ojú ọgbẹ́ ń fà á.

"Jọmílójú mi, jọ̀ọ́, fẹ́ mi. Ooru yẹn tún ti dé ìsàlẹ̀ o."

"Má mira," ó ní, ó sì na ìka sí i.