Ọ̀gá Tí Kò Bá Ọwọ́yá Wí Mọ́

Ẹnu ọ̀gá aránṣọ yìí kì í ṣe kékeré. Bí ojú rírán ẹ bá wọ́, wàá tú u, wàá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní jẹ́ kó tún wọ́ láéláé.

Àmọ́ látìgbà tí Ọwọ́yá, ọ̀dọ́bìnrin tó yára jù nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ti dé láti ibi tí wọ́n ti tọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn rẹ̀, ọ̀gá ò bá a wí mọ́. Kó ṣáà jókòó, kó sinmi.

Dókítà ní àrùn ti lọ. Ọkàn ni kò balẹ̀. Bó bá húkọ́ lásán, àyà ẹ̀ á já. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣègbéyàwó, kò pè é, ó ní kó má baà rẹ̀ ẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọwọ́yá wọlé bá ọ̀gá tó ń tú apá aṣọ tóun rán láàárọ̀, tó ń yọ́ tún un rán. Ọ̀gá yára fi aṣọ pamọ́. Ó dun Ọwọ́yá wọra. Òkú ni wọ́n ka òun sí, ta ló sì ń bá òkú wí? Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ sílé, kò sì padà wá.

Nígbà tó lọ fún àyẹ̀wò nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi í pé ara ńkọ́, ó ní ara le. Nọ́ọ̀sì ní ọkàn ńkọ́? Ni Ọwọ́yá bá bú sẹ́kún, ó sì tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀.

“Àbúrò, jẹjẹrẹ lè lọ kí ìbẹ̀rù rẹ̀ ṣẹ́kù,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Ó ń ṣe ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó là á já, kì í ṣe àìmoore. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣé o ti sọ fún ọ̀gá ẹ?”

Ó tún júwe ibi táwọn ọ̀dọ́ bíi tiẹ̀ ti ń pàdé sọ̀rọ̀ nílé ìwòsàn náà fún un.

Ọwọ́yá padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó lọ bá ọ̀gá. “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi wí. Bẹ́ẹ ṣe dákẹ́ yẹn, ó dà bíi pé ikú mi lẹ ń dúró dè.”

Omi lé ròrò lójú ọ̀gá. Ó ní ẹ̀rù ló ń ba òun, òun ò mọ̀ pé àánú tóun ń ṣe ń pa ọmọ lára. Ó nujú, ó gbé aṣọ kan lé e lọ́wọ́. Nígbà tí Ọwọ́yá rán an tán, ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

“Ṣé ewúrẹ́ ló bá ẹ rán kọ́là yìí ni? Tú u.”

Ọwọ́yá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó jókòó, ó ń tú u.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ, bí ìbẹ̀rù tàbí ìbànújẹ́ ò bá lọ, ẹ má bò ó mọ́ra. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà yín, kẹ́ ẹ sì wá àwọn tó ti gba ọ̀nà yẹn kọjá. Ẹ̀yin ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ọ̀gá, ẹ má gba iṣẹ́ tàbí ayẹyẹ kúrò lọ́wọ́ wọn láìbi wọ́n. Ẹ béèrè ohun tágbára wọn ká. Alààyè ni wọ́n. Ẹ bá wọn lò bí alààyè.