Àwọn Tó Ń Jẹ́ Májẹ́pè

Èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni búra fún mi pé òun gbà á gbọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Onoriode tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀ ṣì wà ní Ajégúnlẹ̀. Bí ẹ bá bi í, yóò sọ ọ́ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ yìí.

Ní ọdún 1988, ọkùnrin kan ń gbé lẹ́yìn ọjà Boundary ní Ajégúnlẹ̀, Túnbọ̀sún Májẹ́pè lorúkọ rẹ̀. Lébìrà ni ní wọ́ọ̀fù Àpápá, ẹrù ló ń já nínú ọkọ̀ ojú omi. Orúkọ bàbá rẹ̀ yẹn ṣọ̀wọ́n bí ojú. Láti ìgbà tó ti dáyé, kò pàdé ẹlòmíràn tó ń jẹ́ ẹ. Nínú ìwé ibi iṣẹ́, wọn kì í fi àmì ohùn sórí orúkọ, nítorí náà, bó ṣe wu kálukú ló ń pè é. Bí wọ́n bá ń jẹun ọ̀sán, Onoriode, ọ̀rẹ́ rẹ̀, a ní, "Má-jẹ-ẹ́-pé, ṣẹ́ díẹ̀ kù fún wa o." Wọn a rẹ́rìn-ín. Túnbọ̀sún mọ̀ pé "má jẹ́ ìpè" ni. Ìpè wo? Ta ló ń pè? Ìyẹn ni kò mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú.

Lọ́dún 1988 yẹn, ìyá rẹ̀ náà kú. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín ni nǹkan kan ti kú nínú Túnbọ̀sún. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀, kò sì korò. Ebiere, ìyàwó rẹ̀, lóyún. Ó ní kó gbọ́wọ́ lé ikùn òun kí ó gbọ́ bí ọmọ ṣe ń tàpá. Ó gbọ́wọ́ lé e. Ó ní òun gbọ́.

Láràárọ̀, àwọn lébìrà a dúró níwájú géètì. Linus, akọ̀wé, a gorí àpótí, a máa pe orúkọ láti inú ìwé. Ẹni tí wọ́n bá pè, tó bá dáhùn, yóò wọlé. Ẹni tí kò bá dáhùn kò níṣẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú oṣù Keje. Òjò ń fọ́n winniwinni.

"Májẹ́pè!"

"Yẹ́sà!" Túnbọ̀sún bọ́ síwájú. Linus fàlà sínú ìwé. Ó tún lanu.

"Májẹ́pè!"

Túnbọ̀sún rò pé àṣìṣe ni. Kó tó sọ̀rọ̀, ohùn kan dáhùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Yẹ́sà."

Ohùn náà rọlẹ̀. Túnbọ̀sún yíjú. Kò rí ẹni tó yà síwájú. Àyè kan ló là láàárín èrò, bí ìgbà tí wọ́n bá yàgò fún ẹni tó ń kọjá, ó sì tún padé. Òórùn eruku gbígbẹ ta sí i nímú, nínú òjò.

Linus fàlà. Ó pe orúkọ tó kàn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n di mẹ́ta. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti kọjá mẹ́wàá, ohùn ọkùnrin, ohùn arúgbó, ohùn kan tó dà bíi tọmọdé. Àyè á là, àyè á padé. Kò sẹ́ni tó bìkítà. Òjò ń pa wọ́n, oníkálukú ń retí orúkọ tirẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́, Túnbọ̀sún bá Linus.

"Linus, níbo lo ti rí àwọn Májẹ́pè wọ̀nyí?"

"Èmi kẹ̀? Ìwọ lo ń kó wọn wá. Ẹ̀yìn ẹ ni wọ́n máa ń tò sí. Ṣé kì í ṣe ilé kan náà lẹ ti ń bọ̀?"

"Báwo ni wọ́n ṣe rí?"

Linus pa ìwé rẹ̀ dé. "Ìwé ni mò ń wò, jàre," ló sọ, ó sì yára gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Túnbọ̀sún lọ sí Kirikiri, sọ́dọ̀ Ìyá Sàfíátù, àbúrò bàbá rẹ̀. Òun nìkan ló kù nínú ìdílé tó lè bi. Ìyá àgbà náà ń ṣa ẹ̀wà lójúde. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò gbójú sókè.

"Bàbá wa ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ," ló sọ. "Ọmọdé ni, nílùú wa lókè lọ́hùn-ún. Ọ̀sán gangan ni, nínú ọyẹ́. Nǹkan kan dúró níta, ó ń pe àwọn ará ilé. Ó mọ orúkọ oníkálukú. Bó ti ń pè ni wọ́n ń jẹ́, bí wọ́n ti ń jẹ́ ni wọ́n ń jáde. Ó pe bàbá wa náà. Akólòlò ni. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ìpè náà ti dákẹ́."

"Àwọn tó jáde ńkọ́, mà?"

"Wọ́n jáde."

"Wọn ò rí òkú wọn?"

"Mo ní wọ́n jáde." Ó ju òkúta kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìgbà náà ni wọ́n sọ ọ́ ní Májẹ́pè. Ìkìlọ̀ ni, kì í ṣe orúkọ."

"Iṣẹ́ mi ni, mà. Bí wọ́n bá pè mí tí n kò jẹ́, kí la fẹ́ jẹ?"

"Èmi ò lè ní kó o má jẹun."

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí Túnbọ̀sún lọ́kàn. "Ṣùgbọ́n mà, àwọn tó jáde kò jẹ́ Májẹ́pè nígbà náà. Báwo ni wọ́n ṣe wá ń jẹ́ ẹ ní wọ́ọ̀fù?"

Ìyá Sàfíátù gbójú sókè wàyí.

"Ta ló sọ fún ẹ pé àwọn ni?"

Ní ọjọ́ Ajé, Linus gorí àpótí. Lọ́jọ́ yẹn, kò pe Májẹ́pè lásán.

"Túnbọ̀sún Májẹ́pè!"

Túnbọ̀sún lanu. Ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

"Yẹ́sà!"

Ohùn rẹ̀ ni, pẹ̀lú ikọ́ tó máa ń wú tẹ̀lé e. Àyè là. Àyè padé. Nígbà tí Túnbọ̀sún dé géètì, ọlọ́dẹ na ọwọ́ dí i lọ́nà.

"Túnbọ̀sún, o ti wọlé ná. Báwo lo ṣe tún jáde?"

Kò bá a jiyàn. Ó jókòó sórí irin rélùwéè, ó ń wo géètì. Ó ń retí kí ẹ̀rù ba òun. Ẹ̀rù kò wá. Lálẹ́, àwọn lébìrà jáde. Onoriode rí i.

"Kí ló ṣe ẹ́ lónìí? Látàárọ̀ tá a ti jọ ń gbẹ́rù, o ò sọ nǹkan kan. O ò jẹun, o ò mumi."

"Níbo ni mo wà báyìí?"

"Níwájú mi ńbí." Onoriode rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bojú wẹ̀yìn, sí inú géètì, níbi tí òun àti ẹni tí wọ́n jọ gbẹ́rù ti ṣẹ̀ṣẹ̀ pínyà. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀.

Túnbọ̀sún kò padà síbẹ̀ mọ́. Ó ríṣẹ́ ọlọ́dẹ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Kirikiri. Nígbà tí wọ́n bi í lórúkọ, orúkọ bàbá ìyá rẹ̀ ló kọ: Láwọyin. Ebiere ní ó dára bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bímọ obìnrin ní oṣù Kejìlá, Jọmílójú Láwọyin ni wọ́n kọ sínú ìwé. Ìyá Sàfíátù wá síbi ìkómọ. Ó gbọ́ orúkọ náà. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Kí ni yóò wá máa kìlọ̀ fún un?" ló bi Túnbọ̀sún lẹ́nu ọ̀nà. Kò dúró gbèsì.

Jọmílójú pé ọdún méjì, kò sọ̀rọ̀. Ó ń gbọ́ràn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sáré. Kò sọ̀rọ̀ kankan. Dókítà ní kò sí nǹkan tó ṣe é.

Ọ̀sán Sátidé kan, ní ọdún 1991, Ebiere ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ẹ̀rọ ata ń ké lójúde, rédíò ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì, àwọn ọmọ ń pariwo. Lójijì, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Òróró inú agbada pàápàá kò ta mọ́.

Ọmọ náà gbórí sókè. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó sọ ọ́ ketekete, bí àgbàlagbà:

"Mò ń bọ̀."

Ebiere pariwo ayọ̀. Ó gbé e sókè, ó ń jó. "Ó sọ̀rọ̀! Túnbọ̀sún, o gbọ́? Ọmọ mi sọ̀rọ̀!" Ijó náà rọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ta ló pè é?"

Túnbọ̀sún kò gbọ́ ìpè kankan. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ẹ̀yìn tì í. Pákó náà tutù. Lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ọmọ náà na ọwọ́ méjèèjì síhà ibi tí bàbá rẹ̀ dúró sí. Kì í ṣe òun ló ń wò, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ni.