Nojeem Ní Kí Bàbá Ìyàwó Panu Mọ́

Ẹ̀gbẹ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà dé fìlà abetí ajá sí. Etí fìlà kan bo ojú rẹ̀, èkejì wà ní ìpàkọ́, síbẹ̀ ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù l'Ọ́jà'ba, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó joyè. Bushrah, ọmọ Àlàájì Fàsásì aránfìlà, fọwọ́ bo ẹnu. Ọkùnrin tó rẹwà báyìí, tí kò mọ fìlà í dé!

"This cap is sick!" ni ọkùnrin náà wí.

Bushrah já fìlà náà gbà. "Bùọ̀dá, ẹ gbọ́, fìlà bàbá mi ò ṣàìsàn rí o!"

"Ẹ má bínú! Ní Lọ́ńdọ̀nù, bí nǹkan bá dára gan-an la ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀."

Nojeem ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìdí Àrẹ̀rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wálé wá ṣiṣẹ́ iná sólà ni. Bushrah gbọ́ gẹ̀ẹ́sì ìwé dáadáa. Gẹ̀ẹ́sì ẹnu àwọn oníbàárà òkè òkun tó ń pè é lórí fóònù ni kì í yé e.

"Ẹ kọ́ mi ní tiyín," ó ní, "kí n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń dé fìlà."

Bẹ́ẹ̀ ni Nojeem ṣe di ará ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìrun Alaásàrì. Lọ́jọ́ kan, Bushrah fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi í bóyá á bá òun gun òkè Màpó. Èsì tó rí ni "I'm down." Àyà ọmọbìnrin já, ó rò pé àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀. Ó gbé àgbo ibà, ó sáré dé Ìdí Àrẹ̀rẹ̀, ó bá Nojeem níbi tó ti ń fín lọ́fínńdà.

"'Mo gbà' ni mo sọ!"

"Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé àgbo mi padà. Ó yá, olólùfẹ́, mu ún."

Ó mu ún tán. Ọkùnrin tó bá mu àgbo kíkorò láìṣàìsàn, ìfẹ́ ló ń ṣe é.

Bàbá Bushrah nìkan ló kù. Àlàájì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àfojúdi kékeré báyìí tí òun bá rí lára ọmọ ìlú òyìnbó yẹn, kò ní fẹ́ ọmọ òun. Nítorí náà, nígbà tí Nojeem dé ilé wọn, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Inú bàbá yọ́.

"Ó dáa. Mo ti fún ọ lọ́mọ."

Ayọ̀ gbé Nojeem dìde fìrì. "Shut up!" ni ó pariwo.

Ìyá Bushrah káwọ́ lórí. Gẹ̀ẹ́sì bàbá kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó ìyẹn í gbọ́.

"Èmi? Kí n panu mọ́? Nínú ilé mi? Ó parí! Jáde!"

Bushrah kò sunkún. Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Lánàá tí Mọ́gàjí ní orúkọ yín tún ti jáde fún Mẹ́kà, kí lẹ wí?"

"Mo ní 'Irọ́!'"

"Ṣé òpùrọ́ lẹ pe Mọ́gàjí ni?"

"Ká má rí i! Ayọ̀ ló..."

"Ayọ̀ náà ni tirẹ̀, Bàbá. 'Irọ́' tiwọn ló ṣe yẹn."

Àlàájì wo ọmọ rẹ̀. Ó wo Nojeem tó ti tún dọ̀bálẹ̀. Ó wúkọ́ díẹ̀ láti fi gbé ẹ̀rín mì.

"Dìde. Mo ní mo ti fún ọ lọ́mọ."

Nojeem yíjú sí Bushrah. Bushrah mi orí sí i pé ó yá.

"Irọ́ o!" ni Nojeem ké.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó na ìka sí àna rẹ̀ tuntun.

"Ṣọ́tọ́ọ̀pù!" ni Àlàájì Fàsásì fi gẹ̀ẹ́sì àna rẹ̀ wí, ó sì ní kí wọ́n lọ pe Ìmáàmù wá.